Ìwé Ewúrẹ́ àti Ọmọ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Kíláàsì nọ́sìrì ni mo ń kọ́ ní Aládé-Ìdànrè lọ́dún tí ọ̀gá wa gbé páálí ìwé kan wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní àwọn kan fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ dá ẹni tó bá kọ ìwé ọmọdé tó dára jù lọ́lá, ìyẹn ìwé tó lè mú ọmọ sọ̀rọ̀ kó tó mọ ìwé kà, àti pé àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa dìbò.

"Àwọn ọmọ wa wọ̀nyí, mà? Àwọn tó ṣì ń tọ̀ sára?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn gan-an. Ìwọ ṣáà kà á fún wọn."

Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan. Láti ọjọ́ tó ti wọ kíláàsì mi, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Tí mo bá bi í ní nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa wò. Abúlé oko kòkó kan lọ́nà Ofosu ni ìyá àgbà rẹ̀ ti tọ́ ọ kí àwọn méjèèjì tó kó wá sí Aládé. Mo ti ń rò ó pé bóyá etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn dáadáa.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Wọ́n fẹ́ràn èyí tó ní àwòrán ọkọ̀ òfuurufú. Òmíràn kún fún ìmọ̀ràn rere. Kí n tó kà á dé ìdajì, àwọn kan ti sùn, èmi náà sì ń yán.

Ó wá kan ìwé ewúrẹ́. Òjò ń lu páànù lórí wa lọ́jọ́ náà débi pé mo ní láti pariwo. Òjò ló ń pa ewúrẹ́ inú ìwé náà pẹ̀lú. Ó ń ti ilé kan dé òmíràn, ó ń kanlẹ̀kùn: "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o, òjò ń pa mí!" Gbogbo ẹranko tó kàn ló ní àwáwí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi gba ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lẹ́nu mi, wọ́n ń fọwọ́ lu ilẹ̀ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ilé ìgbín ló kẹ́yìn. Ẹni tó kọ ìwé náà kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, àwòrán ìgbín tó yọjú wo ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo gbé ìwé sókè.

"Ó dáa, kí ni ìgbín máa sọ?"

Gbogbo wọn rí i pé ilé ìgbín kò lè gba ewúrẹ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wọn, ohùn bíi ti àgbàlagbà:

"Wọlé jàre. Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló máa wà níta."

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni! Kò sì sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí o. Ojúlówó èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, irú èyí tó wà lẹ́nu àwọn àgbà. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó gbọ́ ń rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò gbọ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó wò wá yí ká, ó rí i pé òun la ń yìn, ló bá tún un sọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọmọ náà. Yorùbá tí mo ń bu Gẹ̀ẹ́sì là fún wọn ni kì í ṣe ti ilé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, mo tẹ́ àwọn ìwé sílẹ̀, mo ní kí kálukú lọ jókòó ti èyí tó wù ú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ara wọn pa nídìí ìwé ewúrẹ́.

Láìpẹ́, ìyá àgbà ọmọ náà ti ìsọ̀ ọṣẹ rẹ̀ wá bá mi, ó ń tún ìborùn rẹ̀ wé.

"Tíṣà, kí lẹ fún ọmọ yìí jẹ? Àlọ́ ni ṣáá! Bí mo bá fo ibì kan, á ní kí n padà síbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá pa àlọ́ fún gbogbo wa."

"Èmi? Nílé ìwé? N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o."

"A kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mà."

Ìwé ewúrẹ́ ló gba àmì-ẹ̀yẹ náà, nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn náà ti yàn án. Ọ̀gá wa sáré jáde ní ọ́fíìsì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń pariwo, àwọn ọmọ sì jó bí ẹni pé àwọn ló kọ ọ́. A ti fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbò wa. Wọ́n ní ẹni tó kọ ìwé náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá àgbà náà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan. Ó jókòó sórí àga mi, ó bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ní èdè Ìdànrè. Àwọn ọmọ ìgboro ń béèrè, "Kí ni ìyẹn?" Ọmọ náà dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ń túmọ̀ fún wọn, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ìyá yíjú sí i, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé o ti parí? Kí n máa bá a lọ?"

"Ẹ máa bá a lọ, Ìyá."