Kóòtù Nọ́ńbà Méjìlá

Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ránṣọ fún: lọ́yà, òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn tó ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Surulere, àwọn télọ̀ mi wà ní Mushin, ṣùgbọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, "ilé ọnà ìmúra" ni mò ń pè é. Yunifásítì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gígùn bo ohun kúkúrú mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe bí a ṣe ń ránṣọ ló jẹ́ kí ọjà mi tà. Nọ́ńbà ìwọ̀n aṣọ ni. Aṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní mẹ́rìndínlógún, méjìlá ni mo máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Bí oníbàárà bá sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjìlá náà á bá a sanra. Ọ̀gá báǹkì tí kì í rẹ́rìn-ín fẹ́nikẹ́ni á wọ̀ ọ́, á yí níwájú dígí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, á ní kí n bá òun dì í. Mo pè é ní ìfọkànbalẹ̀ oníbàárà. Ìyá mi ì bá pè é ní irọ́.

Àbúrò mi obìnrin kì í wọ aṣọ tí ẹlòmíì rán lọ síbi iṣẹ́, àfi tèmi. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní Yaba pè é fún íntáfíù ipò ọ̀gá, èyí tó ti ń gbààwẹ̀ lé lórí, ó gbọ́ pé aṣọ mi ni obìnrin tó máa ṣolórí àwọn tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè máa ń wọ̀. Ó ní òun ò lè lọ máa bá ọ̀gá ṣe ìbejì. Ló bá ra kóòtù láti ìlú òyìnbó, nọ́ńbà méjìlá, kò sọ fún mi. Ẹrù náà pẹ́ lọ́nà, àárọ̀ ọjọ́ íntáfíù gan-an ló tó wọ̀ ọ́.

Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bọ́tìnnì kóòtù náà jìnnà sí ihò rẹ̀ bí Surulere ṣe jìnnà sí ìlú òyìnbó.

"Àǹtí mi, ara mi ń wú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò ríran ni? Méjìlá ni mo máa ń wọ̀! Bí àìsàn kíndìnrín ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọsibítù Ìdí-Àràbà ni mò ń lọ báyìí. Kí íntáfíù máa lọ."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Mo tiẹ̀ ti ń ronú ohun tí màá sọ nípa iyọ̀ àti omi tó ń mú ara wú. Ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"O ò wú. Bí o ṣe wà lo ṣe wà. Mẹ́rìndínlógún ni ọ́. Èmi ni mò ń kọ méjìlá."

Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà. "Fún èmi náà? Àbúrò yín?"

"Fún gbogbo yín."

"Àǹtí mi! Mo ti ń pọ́n ara mi lé láàárín ẹgbẹ́ pé eré àárọ̀ tí mò ń sá ló ń ṣiṣẹ́ lára mi!"

Èmi ni mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Mo fa kóòtù dúdú kan yọ nínú àwọn tí mo rán. Ó wọ̀ ọ́ láìwo ojú mi, ó lọ.

Ọ̀sán ló pè mí.

"Wọ́n gbà mí."

Mo pariwo ayọ̀. Kò bá mi pariwo.

"Nígbà tá a parí, ọ̀gá obìnrin yẹn fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òun dá iṣẹ́ yín mọ̀. Ó ní méjìlá ni tòun, pé látìgbà tóun ti bí ọmọ kẹta, kò yẹ̀. Àǹtí mi, obìnrin yẹn tó mi méjì."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní, 'Ó hàn lára yín, mà.'" Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò tiẹ̀ kólòlò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Nínú yàrá ìwọṣọ, oníbàárà kan ń ké pé kí ẹnìkan bá òun mú méjìlá wá. Mo mú un lọ fún un.