Abẹ́rẹ́ tí Ìyá Òtútù Kọ̀ láti Fún Wọn

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni obìnrin kan fi ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí nílé ìwòsàn ìlú. Ìyá Òtútù ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí àárín fíríìjì ló ti ń lo ọjọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa ṣàwàdà pé bí ibà bá mú òun, òun ò nílò oògùn, kí ìyàwó òun ṣáà gbọ́wọ́ lé òun níwájú orí.

Yàrá náà kò tóbi. Fíríìjì mẹ́ta, tábìlì kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, àti fèrèsé tí wọ́n fi páálí dí nítorí oòrùn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á wo bí inú fíríìjì ṣe tutù tó, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, kò gbọdọ̀ dín ní méjì, kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ. Àmì kékeré kan tún wà lára ìgò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, funfun láàárín, tí àwọ̀ dúdú yí ká. Bí ooru bá ti ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́, funfun yẹn á ṣú. Ẹni tí wọ́n bá wá gún un fún kàn jẹ ìrora lásán ni.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú gé owó ètò àjẹsára sí ìdajì. Wọ́n ní kò kúkú sí àrùn kankan níta. Oṣù mẹ́ta gbáko ni dísù kò fi kan inú jẹnẹrétọ̀. Ìyá Òtútù kọ lẹ́tà mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, iná lọ, kò sì dé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Obìnrin náà wá lọ́jọ́ Sátidé, ó ra yìnyín, ó tò ó sáàárín àwọn ìgò. Bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó mú àwọn ìgò abẹ́rẹ́ èéyi síbi ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ti ṣú. Níta, àwọn ìyá ọlọ́mọ tó lé ní ọgọ́ta ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ tirẹ̀ obìnrin wà láàárín wọn, ó pọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án.

Dókítà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ á fún wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíì rìn wákàtí méjì kí wọ́n tó débí. Tá a bá ní kí wọ́n máa lọ, wọn ò ní padà wá mọ́."

"Dókítà, ó ti bàjẹ́."

"Ṣé ó máa pa wọ́n ni?"

"Kò ní pa wọ́n. Èéyi ló máa pa wọ́n."

Dókítà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tẹ́ ẹ bá dà á nù, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìdí ẹ̀ o."

"Màá sọ ọ́."

Ó jáde, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn. Ariwo ta. Obìnrin kan dìde, ó ní, "Àwọn tẹ́ ẹ ti ń gún fún wa látọjọ́ yìí ńkọ́? Ṣé èyí tó ti bàjẹ́ náà ni?"

"Rárá o. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ẹ rò pé màá sọ tòní fún yín?"

Ọmọ Ìyá Òtútù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá tèmi wá ọ̀kan tó ṣì dáa níbẹ̀."

"Kò sí. Ká ló wà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín."

Ọmọbìnrin náà tún ọ̀já rẹ̀ so, ó lọ láìdágbére.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ Ìyá Òtútù, wọ́n ní kó lọ máa to fáìlì. Abẹ́rẹ́ tuntun kò dé, nítorí kò sówó. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni èéyi wọ̀lú. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló mú, ó pa méjì. Ó mú ọmọ-ọmọ Ìyá Òtútù náà. Ibà ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Ìyá ọmọ náà wá sílé òbí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò jókòó. Ó ní, "Màámi, tẹ́ ẹ bá gún un lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Bó ṣe rí yìí náà ló máa rí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé wàá ti fọkàn balẹ̀ pé èéyi ò lè mú un."

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà tó wá jókòó.

Ìgbìmọ̀ ìlú pe Ìyá Òtútù. Ọ̀kan lára wọn bi í bóyá kì í ṣe àìbìkítà rẹ̀ ló ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Ó kó ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì.

"Ọjọ́ tí ọ́fíìsì yín gbà wọ́n wà lára wọn, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ẹnì kan wúkọ́. Alága ní kí wọ́n máa bá ìjókòó lọ. Ṣùgbọ́n kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n dá owó àjẹsára padà, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ṣe nǹkan mìíràn. Oṣù márùn-ún tún kọjá kí wọ́n tó gbé fíríìjì tó ń fi iná oòrùn ṣiṣẹ́ wá, èyí tí kò nílò dísù. Wọ́n dá obìnrin náà padà sí yàrá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, òun náà ò sì béèrè.

Lọ́dún kejì, ó fẹ̀yìn tì. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tún dé ibẹ̀ mọ́ títí ọmọ rẹ̀ fi bí òmíràn. Nígbà tí ìkókó náà pé oṣù mẹ́sàn-án, ìyá-àgbà ló gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ó bá èèyàn mẹ́tàdínlógún níwájú, ó sì wá àyè jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì.