Ìgò Kilorofọ́ọ̀mù Inú Àmù

Okun o, bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ohùn mi ò ròkè mọ́, iṣẹ́ sì ti gba orúnkún mi. Yàrá kẹ́míkà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lọ́kọ́jà ni mo ti lo agbára mi tán, lábẹ́ Ọ̀gá Olú, ará Kàbà tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì.

Ọ̀gá ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé yunifásítì kìlọ̀ fún un: ọdún yẹn ni ìkẹyìn. Ámáìdì ló ń yẹ̀ wò, irú ìsopọ̀ tó di ẹran ara àti irun wa mú. Háídírójìn ara ọ̀kan a máa nawọ́ di ọ̀síjìn ara èkejì mú. Ìdìmú náà ò le: bí a bá bu kilorofọ́ọ̀mù, kẹ́míkà olómi kan, là á, tí wọ́n jìnnà síra, wọn a jọ̀wọ́ ara wọn. Èmi ni mo ń pò ó, tí mo ń rọ ọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò. Ọ̀gá a gbé e lọ sí yunifásítì, sídìí ẹ̀rọ NMR, òòfà ńlá kan tí kálámù rẹ̀ ń ya òkè kéékèèké sórí bébà. Háídírójìn tó wà nínú ìdìmú, òkè rẹ̀ a wà lápá òsì; bó bá bọ́, a sún sí ọ̀tún.

Ti Ọ̀gá ò sún. Bó ti wù ká là á tó, òsì ló dúró sí.

"Ìyá Bọ́sẹ̀!" Kò tíì wọlé tán tó fi ń pariwo. "Ámáìdì wa ká ọwọ́ padà, ara rẹ̀ ló dì mú! Ta ló rí irú ẹ̀ rí?"

Mo nàka sí bébà ọwọ́ rẹ̀. "Òkè kékeré ẹ̀gbẹ́ yìí ńkọ́, sà?"

"Ìdọ̀tí ni. Ẹ má bà mí láyọ̀ jẹ́."

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Omi ni, omi sì lè nawọ́ di háídírójìn mú bíi ti ọ̀síjìn. Ẹ̀yin náà mọ ooru Lọ́kọ́jà. Tó bá ti di ọ̀sán, kilorofọ́ọ̀mù ń fò lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń ri ìgò rẹ̀ dé ọrùn sínú àmù. Ìgò tútù tí a bá ṣí nínú ooru a máa làágùn, díẹ̀ a sì ro wọnú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbé e mì, tí mo ń gbọ́ bí taípísì ti ń tẹ ìwé Ọ̀gá. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọlé tọ̀ ọ́.

"Sà, inú àmù ni mo ń tọ́jú kilorofọ́ọ̀mù sí."

"Àmù kè? Èyí tí mò ń mu?"

"Òun náà ni, sà."

Ó wo kọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Bí ẹ bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?"

"Ẹlòmíràn á tún un ṣe lọ́jọ́ kan, sà. Orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ ti pa mí. Ìyàwó mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì."

A fi iyọ̀ tó ń fa omi gbẹ kilorofọ́ọ̀mù tuntun. Òkè náà sún sí ọ̀tún wẹ́rẹ́, bíi ti gbogbo ámáìdì. Ọdún sì parí kí Ọ̀gá tó rí òmíràn kọ; wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ó padà sídìí ṣọ́ọ̀kì, ó ń kí mi láràárọ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó kó kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kẹ́míkà lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo olùkọ́. Ó ní, "Ẹni tó lè fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi ni kó máa ṣí i." Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí èmi náà fẹ̀yìn tì, mo kó o fún Òzóhù, obìnrin Ẹ̀bìrà tó gba ipò mi. Nígbà tí Ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ìwé rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Oyè ọ̀mọ̀wé náà ni kò sẹ́ni tó jogún rẹ̀.