Píkọ́ọ̀pù Tí A Fẹ́ Fi Gbé Bàbá Lọ Sílé

Mo ti wa ọkọ̀ yẹn fún ọdún mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé ó ń na ènìyàn. Iwájú ni èmi máa ń wà, níbi tí mo ti rí nǹkan dì mú. Ẹ̀yìn ni ẹrù ń wà, ẹrù kì í sì í ráhùn. Píkọ́ọ̀pù ńlá ni, irú èyí tí wọ́n fi irin tó ki ṣe, tí táyà rẹ̀ sì ga dé mi ní itan. Abọ́ tánńganran ni mo fi ń kó láti Kumasi lọ sí àwọn ọjà ìgbèríko. Bí ojú abọ́ kan bá họ lọ́nà, ẹni tó dì í ni mo máa ń bú. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọkọ̀ ló jẹ̀bi.

Bàbá mi ló là mí lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó já bọ́ láti orí àkàbà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ó sì fi ìdí ṣánlẹ̀. Ọsibítù ní eegun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀, kí ó máa dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè jókòó jẹ oúnjẹ tán. Bó ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ti di ẹni orí ẹní, ó sì ń béèrè rẹ̀ ní àràárọ̀. Bàbá kò sọ pé òun fẹ́ lọ. Ó ní òun ń lọ.

Lọ́rì èrò kò ṣeé ṣe, nítorí orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo ènìyàn ń jókòó níbẹ̀. Mo tẹ́ fóòmù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, mo gbé Bàbá lé e, mo ní kí a kọ́kọ́ dán an wò láti ilé wa ní Santasi dé mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, mo rí i pé ó ti fi eyín di etí agbádá rẹ̀ mú kí igbe má bàa jáde. Aṣọ náà tutù níbi tó ti gé e jẹ. Ojú tì mí gidigidi. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin, ló wà níwájú wa, a kò sì tíì la ìlú kan já. Bí mo bá gbé e lọ báyìí, mo lè pa á sọ́nà. Bí n kò bá sì gbé e lọ, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní fojú kan ara wọn mọ́.

Èmi ní ìwà kan: bí nǹkan bá dùn mí, ìdí rẹ̀ ni mo máa ń wá. Lọ́jọ́ kejì, mo fà wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú ṣòkòtò tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹ má bi mí ohun tó sọ. Mo rí ohun tó ń gbé ọkọ̀: irin pẹlẹbẹ méje tí wọ́n tò léra níbi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, tó tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí gígùn wọn ń dín kù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Síprínì ni àwọn fíta, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ń pè é. Mo fọwọ́ tì í, mo fẹsẹ̀ tì í, kò mira. Ó yà mí lẹ́nu pé nǹkan tó le tó báyìí ni wọ́n ní kó máa rọ ènìyàn lọ́rùn.

Ni mo bá di oníbèérè. Awakọ̀ lọ́rì kan ní táyà ni, kí n jọ̀ ọ́ díẹ̀. Mo jọ̀ ọ́. Ọkọ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà gbóná débi pé ènìyàn lè yan ẹ̀pà lórí rẹ̀. Ní Anloga Junction, mo dúró lọ́dọ̀ káfíńtà kan tó ń ṣe àga, mo bi í bó ṣe ń ṣe é tí àga fi ń rọ ìdí lọ́rùn. Ó gé túùbù táyà àtijọ́ ní tínínrín, ó fi wọ́n hun ojú férémù pákó kan, ó ní kí n gbé fóòmù lé e. Ìyẹn sàn díẹ̀ ju ti táyà lọ. Gbogbo àwárí wọ̀nyí ni mo máa ń wá ròyìn nínú yàrá Bàbá nírọ̀lẹ́, fún ìyàwó mi tó ń bu oúnjẹ fún un, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Bàbá á kọjú sí ògiri, á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ fíta kan ní Suame Magazine, àdúgbò tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ni mo parí rẹ̀ sí. Ọmọ Asante ni, ó ju mí lọ díẹ̀, Twi la sì jọ ń sọ. Kì í yára sọ̀rọ̀. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fò sókè sódò lórí rẹ̀ bí ọmọdé, ọkọ̀ kò tilẹ̀ mì. Ó ní wọ́n ṣe síprínì yìí fún ẹrù tó wúwo, ara Bàbá nìkan kò sì jọ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni n kò ní gbé ẹrù, kí a yọ nínú irin náà. Mo ní n kò ní gbé abẹ́rẹ́. Ó yọ mẹ́ta nínú méje lápá kọ̀ọ̀kan, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ti gan ní etí wọn, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ púpọ̀, nítorí èmi kò jẹ́ kí ó sinmi. Bó bá ti yọ irin kan, màá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn níbi tí Bàbá máa dùbúlẹ̀ sí, màá ní kí ó wa ọkọ̀ gba ibi tí kòtò ti pọ̀ jù nínú Magazine. Mo mú ẹfun lọ́wọ́, mo sì ń fi sàmì sára férémù pákó náà níbi tó bá ti gbá mi. Àwọn ènìyàn ń dúró wò wá. Lọ́jọ́ tí a yọ irin kẹta, mo sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀ náà, inú mi sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ dá ọkọ̀ sáyé. Fíta náà kìlọ̀ fún mi. Ó pè mí ní ọmọ ìyá òun, bí wọ́n ṣe ń ṣe.

“Me nua, ènìyàn kan, fóòmù kan. Má fi nǹkan mìíràn kún un o.”

Ìkìlọ̀ yìí ló kó mi sí wàhálà, nítorí láàárín àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kumasi, ọkọ̀ kì í lọ sílé lófìfo. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ, ẹrù á máa dé: aṣọ fún ìyá, páànù fún ilé tí wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ fún àbúrò. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá àyè wà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra ni wọ́n ń béèrè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dá gbogbo wọn padà, mo ní aláìsàn ni mo ń gbé. Wọ́n ní Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà, wọ́n sì gbé ẹrù wọn lọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wò mí bí ẹni tí kò ní ilé baba. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ pé kí ọdún náà tó parí, ìjọba máa ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì gba ọ̀nà kan náà.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbéra, mo lọ kírun àsùbáà. Nígbà tí mo fi dé, ọkọ̀ ti kún. Bàbá ti ránṣẹ́ sí àwọn tí mo dá padà lẹ́yìn mi. Páànù wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, ìdì aṣọ àti àpò abọ́ wà lórí páànù, fóòmù wà lórí gbogbo rẹ̀, Bàbá sì ti wà lórí fóòmù, ó dé fìlà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Inú bí mi débi pé mo sọ ohun tí a kì í sọ fún baba ẹni.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yìí pa yín ni?”

Ó ní kí n wọnú ọkọ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo wọlé, mo sì fi ìbínú wa ọkọ̀. A kò tíì kọjá Anloga Junction tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi kó sí kòtò kan, irin gbá irin gbàà, Bàbá sì ké. N kò gbọ́ igbe baba mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo yí ọkọ̀ padà sí Suame, a sì ń rìn bí ẹni tó ru epo.

Fíta náà kò bá mi wí. Ó ṣí fìlà, ó ní, “Agya, due,” ó ń bá a kẹ́dùn, ó sì ní kí a sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ti fọwọ́ kan àpò àkọ́kọ́ kí Bàbá tó sọ̀rọ̀ láti orí fóòmù.

“Irin mélòó lẹ yọ?”

Mo ní mẹ́ta, lápá kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ dá wọn padà. Kẹ́ ẹ fi ẹrù àwọn ènìyàn sílẹ̀ níbi tó wà. Wallahi, ọkọ̀ tó rù dáadáa kì í fò.”

A gbé e sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ igi kan, ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí òun ń bá lọ́rì rìn láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kumasi, kí wọ́n tó bí mi, orí ẹrù ni àwọn ń sùn, oorun náà sì ń dùn. Bí lọ́rì bá ṣófo, ìdúró ni gbogbo wọn ń wà, wọ́n á di okùn mú, nítorí ẹni tó bá jókòó lè gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ẹrù ló ń tẹ irin náà lórí ba. Bí kò bá rí ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́, ènìyàn ni yóò máa jù. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Twi fún fíta. Ó fọwọ́ gbá itan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni èmi náà tó rántí pé àwọn abọ́ tí mo ń kó lọ sọ́jà nínú ọkọ̀ kíkún kì í họ. Ìwọ̀nba tó kù tí mo ń kó bọ̀ ni ojú wọn máa ń họ, mo sì ti ń rí i fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, irin méje ti pé. A gba orí kòtò kan náà kọjá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rọra wálẹ̀, ó rọra gòkè, ó tán síbẹ̀. Mo dúró, mo sáré lọ wo ẹ̀yìn. Bàbá bi mí pé ṣé ó ti rẹ̀ mí ni.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò lọ́nà. Mi ò ní parọ́ pé kò dùn ún rárá, àmọ́ kò fi eyín kan aṣọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàyè. Wọ́n tẹ́ ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo pín ẹrù ká gbogbo àdúgbò. Ní gbogbo ilé tí mo dé, Bàbá ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Nígbà tí mo padà, mo jókòó tì í, mo sọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti Suame.

“Bàbá, ẹ ti mọ̀ tipẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

Kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

“O bi awakọ̀, o bi káfíńtà, o bi fíta. Mo wà lórí ẹní, mò ń gbọ́. Mo ní bó pẹ́ bó yá, á kàn mí.”

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pamọ́. Mo sún mọ́ ẹní rẹ̀, mo wá bi í léèrè ohun tí n kò bi í rí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi: ta ló mú un dé Kumasi, kí ló sì rù lọ́jọ́ náà.