Ìṣó Tó Dán

Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn eyín kan ní Ṣakí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà mí fún. Nígbà tó yá, dókítà rí i pé ọwọ́ mi mọ́, ó ní kí n máa se àwọn irin iṣẹ́, kí n sì máa to àwọn ìṣó.

Ìṣó tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti káfíńtà. Irin kékeré tó rí bíi sukúrúù ni, tí wọ́n ń rì sínú egungun párì ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká tán. Egungun á dì í mú bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọn á wá de odindi eyín tuntun mọ́ ọn lórí. Oríṣi méjì la ní. Ọ̀kan ń dán bíi dígí. Ara ìkejì rí ṣákaṣàka, àwọ̀ eérú, bí ẹni pé wọ́n fi yanrìn ha á.

Àbúrò mi, Sàfúrátù, ti Ìsẹ́yìn wá bá mi. Eyín rẹ̀ ti ká tipẹ́, ẹ̀kọ tútù ló kù tó ń jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbàdo sísun ni mo fẹ́ jẹ o. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á máa jẹ ẹ́ lójú mi, wọ́n á ní, 'Ìyá àgbà, ṣé ká bá yín lọ̀ ọ́ ni?'"

"Ìwọ tí o máa ń fi eyín ṣí ìgò mínírà! Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀."

Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó gbé ìṣó àfihàn méjì sórí àwo. "Màmá, àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n egungun yín ti rọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ṣákaṣàka yìí ni mo fẹ́ fún yín."

Sàfúrátù kò wo dókítà. Èmi ló wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni?"

Ilé òfì ni wọ́n bí wa sí. Igi kékeré tí ń gbé òwú sọdá nínú òfì, èmi ni bàbá wa máa ń ní kó yàn án. Èyí tí ara rẹ̀ bá rí ṣákaṣàka á já òwú, aṣọ á bàjẹ́. Èmi náà ni mo kọ́ Sàfúrátù bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi àtàǹpàkò pa ìṣó méjèèjì.

"Èyí tó dán ni. Ìkejì yẹn á máa ha ọ́ lẹ́nu."

"Ìyá wa," dókítà ní fún èmi, "egungun kì í ṣe òwú o. Ó ń fẹ́ ibi tó máa dì mú."

Sàfúrátù ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá mú ni."

Dókítà wò mí, bóyá mo máa yí i padà. Iwájú àbúrò mi ni. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Mo ti èyí tó dán síwájú rẹ̀.

Èyí tó dán náà ni wọ́n rì sí i lẹ́nu. Sàfúrátù jẹ àgbàdo sísun, òótọ́ ni. Àsìkò àgbàdo kan ṣoṣo ni. Kó tó di òmíràn, àwọn ìṣó náà ti ń mì. Dókítà yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, egungun tó kù kò sì tó gba òmíràn mọ́.

Sàfúrátù kó wọn lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dán lóòótọ́," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Kò fi ọjọ́ kan bá mi wí.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí aláìsàn tí mi ò fún ní ìṣó àfihàn méjèèjì kó fọwọ́ pa. Mo máa ń ní, "Èyí tó ń ha yín lọ́wọ́ yẹn ni kí ẹ mú. Èmi ti mú èyí tó dán rí."

Lọ́dún yìí, ibà ló mú Sàfúrátù lọ. Èmi ni wọ́n ní kó nu ẹnu rẹ̀ nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́. Mo fi òwú tútù wé ìka, mo sì fi nu èrìgì rẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Ìka mi kò kan nǹkan kan. Ó dán.