Mọ́mì Tó Tọ́ Mi ní Scotland

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó kúrò ní Atlanta rárá. Mo parí shift láàárọ̀, mo wa mọ́tò láti ọsibítù tí mo ti ń tọ́jú aláìsàn dé ilé wa ní Conyers, mo wẹ̀, mo gbé báàgì, ó di ẹ́ápọ́ọ̀tù. Ọkọ mi tó ń gbé mi lọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ Scotland ń relé. Bá wa kí ọba yín o." Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Riverdale náà nìyẹn. Wọ́n á ní Scotland wo, èmi tí mò ń fi èdè Ìbàdàn bú èèyàn.

Òótọ́ sì ni. Scotland ni wọ́n bí mi sí. Àwọn òbí mi ń kàwé, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́, wọn ò ráyè ọmọ, ni wọ́n bá gbé mi fún obìnrin òyìnbó kan pé kó máa bá wọn tọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọwọ́ obìnrin yìí ni mo ti rìn, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀. Mọ́mì ni mo ń pè é. Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn òbí mi gbà mí padà, ó di Ìbàdàn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dé Scotland gbẹ̀yìn. Bílì ò jẹ́, ọmọ ò jẹ́. Orí fóònù la ti ń gbóhùn ara wa, títí ọmọ Mọ́mì obìnrin fi pè mí pé àwọn ti gbé Mọ́mì lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, pé iyè wọn ti ń ra. Ó ní kí n yáa wá bí mo bá fẹ́ kí wọ́n ṣì dá mi mọ̀. Ohun tí mo torí ẹ̀ lọ nìyẹn, mi ò bá nǹkan mìíràn lọ. Ta ló tún kù níbẹ̀ tó mọ̀ mí ní kékeré?

Mo bá Mọ́mì lórí àga létí fèrèsé, wọ́n ti rù. Kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀ níwájú wọn bí a ṣe ń kí ìyá ẹni. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi.

Wọ́n rò pé èmi ni òṣìṣẹ́ tó máa ń wọ bàtà fún wọn. Ẹ̀bi wọn kọ́. Àwa dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ta ló sì ń kúnlẹ̀ kí arúgbó nílẹ̀ òyìnbó? Ó dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n kí ni n bá ṣe? Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Atlanta náà ni. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ wọn sókè, mo ki ẹsẹ̀ wọn bọ bàtà. Mo ní, "Mọ́mì, èmi ni o," mo dárúkọ ara mi. Wọ́n mi orí bí ẹni ń ṣe sùúrù fún àlejò, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ rọ̀. Níbo lo ti wá?"

Mo ní Atlanta. Wọ́n ní ibẹ̀ mà jìnnà, pé àwọn èèyàn mi á ti máa retí mi.

Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè dìde nílẹ̀. Láti kékeré, lójú títì, níléèwé, ní Ìbàdàn, ní Atlanta, gbogbo ayé ló ti bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mọ́mì nìkan ni kò tíì bi mí rí, títí dọjọ́ yẹn.