Àga Mi ní Mayfair

Ọkọ mi ti kú. Àbúrò bàbá mi obìnrin ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa náà ti kú. Mo dúró kí wọ́n kú tán kí n tó kọ èyí, kì í sì í ṣe nítorí pé mo bẹ̀rù wọn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tún wá bẹ̀ mí ni. Ẹ̀bẹ̀ ti sú mi.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni, nígbà tí mo jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ti kúrò nílé ọkọ mi ní àdúgbò Mayfair, tí mo padà sí ilé bàbá mi ní Òkèrèwè pẹ̀lú àpótí méjì. Ọ́fíìsì yunifásítì ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ní ọmọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Òṣogbo, ọmọ náà sì ti ń lọ sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kí n tó gbọ́ pé wọ́n bí i.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó wá bẹ̀bẹ̀. Ọkọ kì í dá wá bá ìyàwó tó ti kó jáde sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Iwájú àwọn àgbà ilé ìyàwó ni yóò ti sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó, àbúrò bàbá mi jókòó tì í. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn. Wọ́n ní kó dìde. Kò dìde tán. Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní:

"Láti ọjọ́ tí o ti jáde, iná ń jó nínú ilé wa, àmọ́ kò mọ́lẹ̀. Mo bu oúnjẹ sẹ́nu, ẹnu mi ń bi mí pé ọwọ́ ta ló sè é. Àga tí o máa ń jókòó sí wà níbi tó wà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Bí o kò bá ní í padà nítorí mi, padà wá gbé àga rẹ."

Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin kankan, ká má tíì wá sọ ti ọkọ mi, tó jẹ́ pé lẹ́tà ìfẹ́ rẹ̀ pàápàá dà bí ìwé tí wọ́n fi ń pe ìpàdé. Àga kan sì wà lóòótọ́. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi gbé e lọ́wọ́ káfíńtà, igi ìrókò, tìmùtìmù pupa. Orí rẹ̀ ni mo ti máa ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ lálaalẹ́. Mo wá ń rò ó pé, háà, ọkùnrin yìí ti ń wò mí lórí àga yẹn láti ọdún yìí wá, n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ló mú mi.

Àbúrò bàbá mi fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń bá mi sunkún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wúkọ́, ó wúkọ́ títí, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

"Tíṣà, o gbọ́ ohun tí àna wa sọ. Ṣé kò dára?"

"Ó dára, Baba."

"Kí ló wá kù?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ọkọ mi gbé mọ́tò wá kó mi ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

N kò ní í fi ẹ̀bi tèmi pamọ́. Fíìmù Yorùbá kan wà tí gbogbo Ilé-Ifẹ̀ ti wò tán àfi èmi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri fúnra rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti aṣọ funfun tí wọ́n ń ta sára ògiri, láti ìlú dé ìlú, nígbà Kérésì, nígbà Àjíǹde, nígbà Iléyá. Ẹni tó ti wò ó lẹ́ẹ̀márùn-ún á tún lọ. Kátíkíìsì ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, ó ní ilé sinimá kò yẹ ọmọ onígbàgbọ́. Èmi fi ìwé tí mo kà kún un, mo ní nǹkan àwọn púrúǹtù ni. Nílé-ìwé wa, ọmọ kan á sọ gbólóhùn kan jẹ́jẹ́ nínú yàrá ìsùn, àwọn yòókù á pariwo dáhùn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ni mo máa ń dá kúnlẹ̀. N kò béèrè rí pé kí ni wọ́n ń sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí mò ń palẹ̀ mọ́ yẹn, olùkọ́ Yorùbá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, wọ ọ́fíìsì mi. Fíìmù náà ń bọ̀ ní ọ̀sán Sátidé ní gbọ̀ngàn ńlá inú ọgbà yunifásítì, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó kí wọ́n kọ àròkọ lé e.

"Mà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi kó wọn lọ. Èmi nìkan ò lè ṣọ́ ọgọ́rin ọmọ."

"Mi ò ráyè ìranù."

"Ṣé ẹ ti wò ó ni, Mà?"

"Rárá."

"Háà! Nínú Ifẹ̀ yìí?"

Ó ń wò mí bí ẹni tó sọ pé òun kò tíì fẹnu kan iyọ̀ rí. Ojú tì mí díẹ̀, mo ní màá lọ.

Nígbà tí a lọ, àpótí mi méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní Òkèrèwè. Mo mú pàṣán dání, mo jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà níbi tí mo ti lè rí gbogbo àwọn ọmọ.

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí orin, ìró ìgbálẹ̀ nìkan. Ó gbálẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó jókòó. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ sókè láìwo ojú rẹ̀. Obìnrin náà gbá abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjá. Mo gbé pàṣán mi sílẹ̀.

Ariwo àti ìjà ni mo rò pé màá bá níbẹ̀. Àwọ̀ fíìmù náà ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí erùpẹ̀, síbẹ̀ n kò lè mójú kúrò. Oníkòkó kan àti ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n jọ fi ọwọ́ ara wọn po amọ̀ ilé wọn. Nígbà tí owó dé, ọkùnrin náà mú ọmọge kan wálé láti ìlú ńlá, ìyàwó kó lọ sílé bàbá rẹ̀. A rí ọmọge náà tó ń rìn yí ilé ká, tó ń fọwọ́ kan nǹkan wò, kó tó wá jókòó sórí àga ìyàwó, tó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pòṣé. Èmi náà pòṣé. Nígbà tó yá, fíìmù já, wọ́n tan iná, àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, mo sì bá wọn janlẹ̀.

"Mà, ó ti ń dùn yín," ni olùkọ́ Yorùbá wí.

"Dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n so ó."

Wọ́n so ó. Oníkòkó lọ sílé àna rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó dìde, ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó. Mo gbọ́ bí ọgọ́rin ọmọ ṣe fa èémí sínú, mo sì gbọ́wọ́ sókè láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Láti ọjọ́ tí o ti jáde," ni ọkùnrin náà wí, "iná ń jó nínú ilé wa."

Gbogbo gbọ̀ngàn ń bá a sọ ọ́, bí ìgbà tí ìjọ bá ń gba Àdúrà Olúwa. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ mi ń sọ ọ́. Oúnjẹ pé, ẹnu pé, ọwọ́ ta ló sè é pé. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè. Nígbà tó dé ibi pé òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ta ló jókòó lé e lánàá?"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Ìgbà yẹn ni èjìká àbúrò bàbá mi tún padà sí mi lójú. Kì í ṣe ẹkún ló ń sun.

Mo wò ó dé òpin. Ó ń dùn mí, síbẹ̀ n kò lè sọ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàwó náà padà sílé lóòótọ́. Ó bá ọmọge yẹn lórí àga, ó dúró títí ọmọge fi dìde láti kí i. Ó wá gbé àga náà rù, ó jáde, ó ń lọ lójú títì pupa tó gùn, títí tó fi kéré tí a kò rí i mọ́. Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, n kò fún wọn ní ohunkóhun tó dára tó ìyẹn rí.

Nígbà tí mo délé, mo bá àbúrò bàbá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ẹ mọ̀."

"Mọ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ àga."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Tíṣà, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Baba ló ní ká panu mọ́. Ó ní ìwọ tó o ti dàgbà tó yìí, ilé ọkọ ló yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ṣáà ni, ta ló wá kàn, ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde?"

"Ó kàn mí."

Irọ́ ọkọ mi kì í ṣe tuntun. Àmọ́ àwọn tó bí mi jókòó yí mi ká, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo fíìmù tó ti mọ ìparí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ tọ́ mi. Wọ́n dalẹ̀ mi. N kò dárí jì wọ́n nígbà náà, n kò sì tíì ṣe é di òní.

Ọkọ mi dé ní ọjọ́ Àìkú, ó fun fèrè mọ́tò. Mo jáde láìgbé àpótí kankan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn sọ fún mi."

Inú rẹ̀ dùn. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Nígbà tó dé ibi àga, mo bi í pé: "Ta ló jókòó lé e lánàá?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pariwo, "Tíṣà!"

"Baba, ó ní kí n wá gbé àga mi. Màá wá gbé e."

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí ilé-ìwé parí, mo gba takisí lọ sí Mayfair. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣílẹ̀kùn. Àga náà wà níbi tó wà, ìyẹn nìkan ni kò pa irọ́ lé lórí. Lórí tìmùtìmù pupa náà ni mo ti rí bisikíìtì ọmọdé tó ti rún. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà kọjá bisikíìtì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n wà. Onímọ́tò fi okùn di àga náà mọ́ orí takisí.

Nígbà tí a dé Sábó, ọkùnrin Hausa kan tó ń ta àlùbọ́sà gbójú sókè, ó rí àga lórí ọkọ̀, ó rí mi nínú ọkọ̀. Ó fi Yorùbá tirẹ̀ pariwo pé, "Ta ló jókòó lé e lánàá?" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbè é. Onímọ́tò ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

"Mi ò bínú sí i," mo ní. "Òun tiẹ̀ béèrè, àwọn èèyàn mi ò béèrè."

Ní Òkèrèwè, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo gbọn ìyókù bisikíìtì náà dànù, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì àròkọ tí àwọn ọmọ kọ lórí fíìmù náà, tí mo gbà lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá. Baba wúkọ́. N kò gbójú sókè.